Àtilẹ̀wá Aṣọ́lé

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí mo ka ìwé pélébé kan sókè nínú pálọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òmù-Àrán. Aago náà dá mi lójú nítorí mo wo aago ọwọ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó bú sẹ́rìn-ín.

Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé inú ilé náà ti ka ìmọ̀ ìtàn jáde ní yunifásítì, ó sì ti ń wáṣẹ́ láti ọdún mẹ́ta. Ọmọbìnrin tí ọ̀rẹ́ mi ń fẹ́ sọ́nà, tí a ń pè ní Tíṣà, ń kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ará Àrán-Ọ̀rin. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀, mo padà sílé bàbá mi, mò ń jẹ iyán tí mi ò bá wọn kọ ebè rẹ̀. Ìgbà tí ìwé-ẹ̀rí pọ̀ ju iṣẹ́ lọ ni.

Eré kan la máa ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tí òun àti ọ̀rẹ́ mi jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì ló fún un: ìwé kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí wọ́n mú bọ̀ láti òkè òkun, àti dáìsì bíi ti lúdò, àmọ́ tí ojú rẹ̀ ju mẹ́fà lọ. Ẹnì kan á máa sọ ìtàn. Àwọn yòókù á di èèyàn inú ìtàn náà, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, dáìsì á sì sọ bóyá ó bọ́ sí i. Igbó, iwin, ìlú olódi, ọba tó sọnù: kò sí èyí tó ṣàjèjì sí wa. Ohun tó ṣàjèjì ni ìbéèrè tí ìwé náà ń bi èèyàn kí eré tó bẹ̀rẹ̀: níbo ni ẹni tí o fẹ́ dà yìí ti wá, kí ló sì ti ibẹ̀ gbé wá? A pe ìyẹn ní àtilẹ̀wá. Àtilẹ̀wá kọ̀ọ̀kan ní ìrànlọ́wọ́ kan àti ẹrù kan. Àwọn tó wà nínú ìwé náà, ọmọ ìjòyè òyìnbó àti atukọ̀ òkun oníyìnyín, kò bá wa mu. Ọ̀rẹ́ mi ní kí oníkálukú lọ kọ tirẹ̀ láti inú ohun tó mọ̀.

Èmi kọ Aṣọ́lé.

Nígbà tí owó epo ń ṣàn, àwọn ọmọ ìlú wa tó wà l'Ékòó kọ́ ilé ńlá sílé, èyí tí wọ́n ń wá sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lọ́dún, tí òkú bá kú tàbí tí ìgbéyàwó bá wà. Ìbátan kan tí kò rọ́wọ́ mú ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀, kó máa gbálẹ̀, kó máa ṣí fèrèsé kí ilé má bàa bu. Kò sí yàrá tí kì í wọ̀ àfi ti onílé. Àlejò á ní, "Ilé yín mà dára o." Òun á ní, "Ẹ ṣé."

Ohun tí mo kà nìyí: "Aṣọ́lé. Ìrànlọ́wọ́: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí yóò bọ̀wọ̀ fún un bí onílé, fi méjì kún dáìsì rẹ̀. Ẹrù: kò gbọdọ̀ sọ pé òun kọ́ ló nilé, àfi tí wọ́n bá bi í lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo ti yẹ àṣìṣe mi wò dáadáa. Mo mọ̀ pé èmi mọ ẹni tó ni ilé tí a jókòó sí. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ mi mọ̀. Mo wá fi méjèèjì ṣe ẹ̀rí pé Tíṣà náà mọ̀.

"Adájọ́ ti tún dé," ni ọ̀rẹ́ mi wí. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí. "Gbé e síbẹ̀ jàre, ká máa lọ."

Tíṣà kò jẹ́ ká lọ. "Ta ló nilé yìí?"

"Inú eré la wà o, ìyàwó."

"Mo mọ̀. Ta ló nilé yìí?"

"Ṣé o fẹ́ rà á ni?"

"Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ta ló nilé yìí?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ọ̀rẹ́ mi. "Àbúrò bàbá mi tó wà l'Ékòó."

Tíṣà mú báàgì rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ló ti sọ̀rọ̀. "Ọmọ onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pè ọ́ nílé wa."

"Ṣé èmi ni mo sọ fún wọn bẹ́ẹ̀?"

"O ò sọ fún wọn. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn."

Kí n má purọ́ mọ́ ọn: ní gbogbo oṣù mẹ́sàn-án tí mo fi lọ síbẹ̀, mi ò gbọ́ kó sọ rí pé òun ló nilé, tàbí pé bàbá òun ló ni ín. Mi ò sì gbọ́ kó sọ pé òun kọ́.

Ọjọ́ kẹwàá, Tíṣà padà wá. Ó bá wa nídìí eré, kò jókòó. "Èmi ò fẹ́ ilé," ló wí fún ọ̀rẹ́ mi. "Àmọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n fi ìwádìí rẹ lé lọ́wọ́. Lọ bá wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ." Òótọ́ ló sọ. Lọ́dọ̀ wa, kí ìdílé ọmọbìnrin tó jẹ́ hẹn, wọ́n á rán ẹnì kan kó lọ wádìí ọkùnrin náà. Ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ àbùkù rẹ̀, ó ṣì lè di àna wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní òun á lọ.

Lọ́jọ́ Fúráídè, ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹ̀gbọ́n bàbá Tíṣà gun kẹ̀kẹ́ wá sílé wa. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi.

"Ọmọ mi, wọ́n ní o kì í purọ́."

"Mò ń gbìyànjú, sà."

"Ilé tí ọ̀rẹ́ rẹ ń gbé, ṣé ti bàbá rẹ̀ ni?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó níṣẹ́ lọ́wọ́?"

"Kò tíì rí, sà."

"Ó ṣeun." Wọ́n dìde.

Mo lè sọ pé: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró di Sọ́ńdè, ó ń bọ̀ wá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo bi ara mi nígbà náà bóyá ó dá mi lójú pé yóò lọ, kò sì dá mi lójú. Ọ̀rọ̀ tí kò tíì ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, tí mo ń sin bàbá náà dé ìdí kẹ̀kẹ́ wọn.

Ọ̀rẹ́ mi lọ lóòótọ́. Èmi náà bá a lọ sí Àrán-Ọ̀rin lọ́jọ́ Sọ́ńdè ọ̀hún. Ó ti dọ̀bálẹ̀ kí bàbá náà tó jáde tán.

"Bàbá, mo wá láti..."

"A ti gbọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ ilé yẹn ni mo..."

"Mo ní a ti gbọ́. Ẹni tó lè gbé ilé onílé wọ̀ bí ẹ̀wù, kí ni kò ní gbé wọ̀? Ọ̀rẹ́ rẹ yìí ló là wá lójú. Ọmọ dáadáa ni." Wọ́n fọwọ́ bà mí léjìká.

Lójú ọ̀nà ló ti bi mí. "Kí lo sọ fún wọn?"

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Òótọ́ tèmi ni. Ṣé o ò lè fi sílẹ̀ fún mi fún ọjọ́ méjì péré?"

 

Wọ́n ní Tíṣà ti lọ́kọ sí ọ̀nà Ṣàrẹ́. Mi ò bá wọn débẹ̀. Àwọn kan ní ọ̀rẹ́ mi wà ní Kàdúná, ẹlòmíì ní Kùtọnu ni. Mi ò lè jẹ́rìí sí ọ̀kankan. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni pé ní àárọ̀ Tọ́sìdé tó tẹ̀ lé e, ní gáréèjì Òmù-Àrán, ó jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀ tó ń lọ Ìlọrin. Mo pe orúkọ rẹ̀. Ó wò mí, ó sì ní kí obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé jọ̀ọ́ bá òun ti fèrèsé náà. Obìnrin náà tì í.