Kazanagi, Ẹṣin Tí Wọ́n Ti Kéde Ikú Rẹ̀ Kó Tó Kú

Kazanagi kú láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, nínú ilé ẹṣin onípákó kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ní abúlé wa létí òkun Hidaka. Ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Fún ẹṣin, arúgbó kùjọ́kùjọ́ nìyẹn. Ẹ bá wa dárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dárò jù, nítorí ikú ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ rèé. Ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ló kọ́kọ́ kú, nínú ọ́fíìsì Àjọ Eré Ẹṣin Kitahama, lórí tábìlì, bírò ló sì pa á.

Ikú bírò yẹn ló ń bí mi nínú. Ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ikú Ọlọ́run ni.

Bí ẹ bá ti dé pápá Kitahama rí, ẹ ti rí òkúta rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Òkúta dúdú dídán ni, ó ga ju èèyàn lọ. Wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí i, wọ́n gbẹ́ ọdún tí wọ́n bí i àti ọdún tí wọ́n ní ó kú, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Akọni tí a kò ní gbàgbé láé." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tí èèyàn ò bá rántí rí, báwo ni yóò ṣe gbàgbé rẹ̀?

Bàbá mi ló ń kan bàtà irin mọ́ Kazanagi lẹ́sẹ̀, ìyẹn ni mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹṣin dúdú ni, àfi àmì funfun kékeré kan níwájú orí, bí ẹni fi àtàǹpàkò tó ní ìyẹ̀fun tẹ̀ ẹ́. Tí bàbá mi bá bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹsẹ̀ rẹ̀, Kazanagi á gbé àgbọ̀n lé e lẹ́yìn, á sì sùn lọ. Bàbá mi á wá máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: "Ẹ má pariwo o. Ọba ń sinmi." Atẹ́gùn tó dákẹ́ ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, orúkọ náà sì rò ó, torí ọ̀lẹ ẹṣin ni. Ọ̀lẹ ni títí yóò fi ku díẹ̀ kí eré parí.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ ò lè gbàgbé eré Ife Ìgbà Ìrúwé ọdún yẹn. Òjò ń rọ̀, pápá ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Tamayura wà níbẹ̀, abo ẹṣin tó máa ń bu ẹlẹ́ṣin ẹlòmíì jẹ láṣọ. Isonami wà níbẹ̀, ẹṣin pupa tó ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Ẹṣin mẹ́rìndínlógún ló bọ́ sójú eré, Kazanagi ló sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn, ó ń rọra gbẹ́sẹ̀ bọ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ kí ọbẹ̀ ta sí òun láṣọ. Ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja tí a ti ń wò ó, ìyá ẹlẹ́ja ti kẹ́yìn sí tẹlifíṣọ̀n, ó ní kò sóhun tí òun ń wò mọ́. Bí wọ́n ṣe yí kọ́nà ìkẹyìn ni ẹranko náà jí. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí màá fi ṣàpèjúwe rẹ̀. Ó ń kọjá lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n dúró. Nígbà tí ìyá ẹlẹ́ja fi máa yíjú padà, eré ti parí, Kazanagi ti borí. Títí ó fi kú ló ń bi àwa tó kù pé, "Báwo ló ṣe ṣe é gan-an?"

Àwọn oníròyìn sáré lọ bá Shigezō Nukui, ọkùnrin kúkúrú tó ń tọ́jú ẹṣin náà, tí èjìká rẹ̀ kan fi rẹlẹ̀ ju èkejì lọ nítorí korobá omi tó ti gbé láti kékeré. Wọ́n ní, "Kí lẹ sọ fún un kó tó bọ́ sójú eré?"

Ó ní, "Mo ní kó tètè ṣe. Òjò ń pa mí."

Ọkùnrin yẹn ò ní ìgbésí ayé méjì. Inú koríko tí ẹṣin ń sùn lé ló ti ń jẹ ìrẹsì àti èso kíkan tí ìyàwó rẹ̀ dì fún un. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Fusae, máa ń sọ fún gbogbo èèyàn pé: "Tí mo bá fẹ́ kí ọkọ mi wò mí lójú, àfi kí n lọ wá ìrù lẹ̀ mọ́ ìdí."

Àwọn àgbà ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ohun tí wọn ò sọ fún wa ni ohun tí tẹ̀yìn máa wò nígbà tí tiwájú bá darúgbó. Wọ́n fi Kazanagi ṣe akọ fún àwọn abo ẹṣin fún ọdún díẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ jogún oorun, wọn ò jogún ìjí. Ni Àjọ bá mú un kúrò nínú ìwé. Wọ́n kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀ pé: "Lílò rẹ̀ ti yí padà. Ẹṣin ìgùn."

Ẹ gbọ́ èdè bó ṣe dùn lẹ́nu akọ̀wé! Lílò rẹ̀ ti yí padà. Ẹ lọ bi adìẹ tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, òun náà á sọ fún yín pé lílò òun ló yí padà.

Bàbá Shigezō gbà wọ́n gbọ́. Ó di káróòtì sínú àpò, ó wa ọkọ̀ akẹ́rù kékeré rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ẹṣin gígùn tí wọ́n ní Kazanagi wà. Kò bá ẹṣin kankan níbẹ̀. Àga mẹ́rin àti akọ̀wé kan ló bá, akọ̀wé ní kó lọ wo ọgbà kan lẹ́yìn òkè. Ọgbà náà, ibi tí wọ́n ti ń bọ́ ẹṣin sanra ni. Láti ìgbà tí Kazanagi ti kúrò lójú eré, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti bọ́ ọ yó. Ẹ ò níí béèrè ìdí lọ́wọ́ mi.

"Ta lẹ wá wò, Bàbá?" Ọkùnrin tó ni ọgbà ló bi í.

"Ọmọ mi ni."

"Kò séèyàn níbí o. Ẹṣin nìkan ló wà."

"Òun náà ni mo ń wí."

Bàbá Shigezō fi ahọ́n dún kọ́, kọ́, lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Láàárín ogójì ẹṣin, orí kan ṣoṣo ló gbé sókè, pẹ̀lú àmì funfun níwájú rẹ̀.

Ọkùnrin ọlọ́gbà ṣí bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀. "Bàbá, èmi ò jí i gbé o. Ìwé rẹ̀ ló bá a wá, òǹtẹ̀ Àjọ wà lára rẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó lọ."

"Kó lọ síbo?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀."

Bàbá Shigezō ò bá a jà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́, ó mú okùn ẹṣin. Ọjọ́ méjì gbáko ni àwọn méjèèjì fi fẹsẹ̀ rìn wálé lójú ọ̀nà etíkun. Màmá Fusae sọ ọ́ fún mi pé: "Mo gbọ́ ẹsẹ̀ níta, mo rò pé àlejò ni. Mo yọjú, mo ní, 'Ọkọ̀ wa ńkọ́?' Ó ní, 'Òun nìyí.'"

Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí òkúta yẹn ní Kitahama. Ẹnì kan ní Àjọ ti ṣírò pé ẹṣin tó bá dé irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ti di òkú, ó sì tọ́ kí wọ́n tètè ṣe ohun ìyẹ́sí fún un. Ọmọlúàbí ni wọ́n.

Bàbá Shigezō kọ lẹ́tà sí wọn: "Kazanagi wà láàyè. Ó jẹun láàárọ̀ yìí." Wọ́n fèsì lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún bó ṣe bá àwọn kẹ́dùn ikú Kazanagi. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, ẹṣin náà dúró, ìwé ìròyìn ọjọ́ náà sì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní ẹṣin máa ń jọra. Ó kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Ọ̀gá Wakasugi, tó ń bójú tó ètò ìrántí nígbà náà, ló fèsì fúnra rẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbẹ́ òkúta, òkúta ò sì ṣe é pa rẹ́. Ṣé ẹ rí i? Ẹṣin ló yẹ kó sapá láti bá òkúta mu.

Nígbà ìwọ́wé ọdún yẹn, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìrántí lọ́wọ́, Bàbá Shigezō gba ọkọ̀ aládùúgbò, ó gbé ẹṣin náà lọ sí Kitahama. Mo wà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn yìí ló rán mi lọ. Àlùfáà ti ń ka àdúrà, àwọn ọ̀gá wọ aṣọ dúdú, wọ́n dorí kodò.

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà na ọwọ́. "Bàbá, ẹran ò gbọdọ̀ wọlé lónìí. Ètò ìrántí ń lọ."

"Ìrántí ta ni?"

"Ti Kazanagi ni."

"Ó ti dé o."

Ọ̀gá Wakasugi sáré jáde. Ó tẹrí ba dáadáa, kò sẹ́ni tó lè ní ó rí àgbà fín. "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Nukui. Ó yé wa. Ìbànújẹ́ máa ń jẹ́ kí èèyàn rí ohun tí kò sí."

"Ṣé èyí tó ń jẹ òdòdó yín yìí ni kò sí?"

Gbogbo wa wẹ̀yìn. Kazanagi ti na ọrùn kọjá ọgbà, ó ń jẹ òdòdó tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí láàárín, ó ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ ń pa dé bíi ti ẹni tí oorun ń kì. Àlùfáà dá àdúrà dúró. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó yára wúkọ́ lé e.

"Bàbá, ẹ dákun," Ọ̀gá Wakasugi ní, "ẹ jẹ́ ká parí àdúrà fún un ná."

Mo ya fọ́tò rẹ̀. Olóòtú mi ìgbà yẹn wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tì í sínú dúrọ́ọ̀. "Chizuru," ó ní, "Àjọ àti àwa, ìlú kan náà la jọ ń gbé. Kọ nípa òdòdó." Mo kọ nípa òdòdó. Mo kọ pé ó lẹ́wà. Ẹni tó bá fẹ́ bú àwọn tó dákẹ́, kó ti orí mi bẹ̀rẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Shigezō Nukui fi ṣiṣẹ́ ní Kitahama. Ó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó ṣubú síwájú ẹṣin rẹ̀ pẹ̀lú korobá lọ́wọ́. Lẹ́tà kankan ò wá láti Àjọ. Bóyá wọ́n rò pé ó ti kú tipẹ́. Màmá Fusae sọ pé ọjọ́ mẹ́ta ni ẹṣin náà ò fi jẹun. "Mo bínú sí i," ó ní. "Mo ní, 'Èmi ni ọkọ mi kú, ìwọ lo wá ń ṣe opó.' Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbé àwo ìrẹsì mi wá síbẹ̀. Àwa méjèèjì jọ jẹun. Láti ọjọ́ yẹn, a ò jẹun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́."

Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni obìnrin yìí, ó ń hú yìnyín lójú ọ̀nà láràárọ̀ kó tó lè gbé koríko dé ọ̀dọ̀ akọni tí Àjọ ò ní gbàgbé láé.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá a nílẹ̀, ara rẹ̀ ti tutù. Ilẹ̀ ti di yìnyín, kò ṣe é gbẹ́, òfin ò sì gbà á kí a sin ẹṣin sẹ́yìnkùlé. Ọkọ̀ tó ń kó òkú ẹran ló wá. Wọ́n so okùn irin mọ́ ọn, wọ́n fi ẹ̀rọ wọ́ ọ gòkè. Màmá Fusae ní, "Ẹ rọra, orí rẹ̀." Awakọ̀, ọmọ dáadáa, pa ẹ̀rọ, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fi tẹ́ abẹ́ orí ẹṣin náà. Òun nìkan ló ṣe ìyẹ́sí fún Kazanagi, kò sì mọ orúkọ ẹni tó ń gbé.

Lọ́jọ́rú, fóònù dún. Ọ̀gá Wakasugi ni. Ó ti di akọ̀wé àgbà báyìí. Mo jókòó ti Màmá Fusae, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o. A gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Pé Kazanagi… pé ó kú."

"Háà! Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún wa lọ́dún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn."

Ọ̀gá Wakasugi ní Àjọ ń bẹ̀bẹ̀ fún irun ọrùn àti ìrù rẹ̀, wọ́n máa gbé e sínú gíláàsì ní ilé ìrántí.

"Ọdún wo lẹ máa kọ sí i pé ó kú?"

"Èyí tó wà lára òkúta náà ni, Màmá. Kí nǹkan má baà dojú rú fún àwọn àlejò."

"Irun ẹṣin tó kú lọ́dún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn ò sí lọ́wọ́ mi," Màmá Fusae ní. "Ẹ lọ wò ó lábẹ́ òkúta yín." Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó bu tíì fún mi.

Ẹṣin ń kú, ó ń fìrù dípò. Ìrù náà ni wọ́n wá béèrè. Ẹṣin ni wọn ò fẹ́.

Mo fẹ́ mọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé tó gbé Kazanagi lọ sí ọgbà yẹn. Ó ní orúkọ, ó ní tábìlì, bóyá ó ti fẹ̀yìn tì, tí ẹnikẹ́ni ò sì yí lílò tirẹ̀ padà. Mo fẹ́ kí wọ́n pe agbẹ́-òkúta, kó gbẹ́ ọdún tó tọ́, kó sì gbẹ́ orúkọ Shigezō Nukui síbẹ̀. Òkúta tó ṣe é parọ́ sí lára, ó ṣe é sọ òótọ́ sí lára.

Ṣùgbọ́n èyí tó ká mi lára jù ò tíì di òkúta. Nínú ìwé Àjọ ti oṣù tó kọjá, mo rí orúkọ Mineyuki, abo ẹṣin tó gba Ife Ìgbà Ìrúwé lẹ́ẹ̀mejì. "Lílò rẹ̀ ti yí padà." Lọ́jọ́ Ajé, mo pe ọ́fíìsì wọn, mo béèrè ibi tó wà. Obìnrin tó gbé fóònù ní kí n ní sùúrù, pé wọ́n ń wá fáìlì rẹ̀. Fáìlì kọ́ ni mò ń wá. Lọ́la, ní agogo mẹ́sàn-án àárọ̀, èmi àti Màmá Fusae máa wà lẹ́nu ọ̀nà Àjọ ní Kitahama. Kí Ọ̀gá Wakasugi jáde fúnra rẹ̀, kó mú wa lọ síbi tí Mineyuki ti ń jẹ koríko, ká fojú ara wa rí i. Bí kò bá sí níbi kankan, kó mú wa lọ bá ẹni tó fọwọ́ sí i, kí onítọ̀hún wò wá lójú, kó sọ ibi tó rán an lọ.