Nọ́ńbà Ara Ògiri

Láti ìgbà tí mi ò tíì lè rìn ni ìyá mi ti ń ránṣọ ní Onitsha, ṣọ́ọ̀bù tó háyà ló sì ti ń rán an. Lọ́dún tí mo parí àgùnbánirọ̀, ọkùnrin ará ìlú wa kan fẹ́ ta pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kékeré kan fún un ní Trans-Nkisi. Ó ní òun kò jẹ ìjọba ní kọ́bọ̀. Ìyá mi gbà á gbọ́ nítorí pé ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ. Èmi kò rí bí ìyẹn ṣe jẹ́ ẹ̀rí. Ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹni tó bá ra ilé ni wọn yóò máa sin ní gbèsè owó orí tó wà lórí ilé náà tẹ́lẹ̀.

Mo da nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri kọ, mo sì kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀ pé mo fẹ́ rí àkọsílẹ̀ ilé náà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n fún mi ní ìwé: kò sí gbèsè.

"O ti rí i báyìí," ìyá mi wí. "Ìwọ tí o fẹ́ gba rìsíìtì lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ó ti ń ṣètò owó àsansílẹ̀ nígbà tí mo ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀. Ilé ilẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Mo padà lọ. Obìnrin tó ń tọ́jú fáìlì wo nọ́ńbà mi, ó rẹ́rìn-ín.

"Nwa m," ó pè mí bí ẹni tó bí mi, ó wá ń bá a lọ ní pijin, "àwọn tó pín nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ló kọ èyí. Ṣé ẹ̀fọn ló fẹ́ san owó orí ilé ni? Nínú ìwé tiwa, ilé ẹlòmíì ló ni nọ́ńbà yìí. Lára páànù pẹlẹbẹ ni tiwa máa ń wà."

Ẹ̀yìn pátákó onídìrí tó háyà ìsàlẹ̀ ilé náà ni mo ti bá páànù ọ̀hún, ó ti dípẹtà. Nínú àkọsílẹ̀ tí obìnrin náà fi nọ́ńbà ara páànù yẹn yọ, ọdún mẹ́sàn-án ni ẹnikẹ́ni kò ti san nǹkan kan.

Ìyá mi ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó pe ọkùnrin náà lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ san án, kẹ́ ẹ mú rìsíìtì wá. Owó tiwa wà ńlẹ̀."

Ó ní tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò lè sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ẹ̀fọn ni òun náà gbójú lé. Oṣù kẹta rèé. Ìyá mi ṣì ń kí i ní ṣọ́ọ̀ṣì bó ti ń kí i tẹ́lẹ̀, kò sì béèrè rìsíìtì níbẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó tún san owó háyà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.