Àmì Tó Wà Láàárín Àlọ àti Àbọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tí bàbá mi kú, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìnkú, torí pé tíṣà ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Odode. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pè mí láti Àkúrẹ́.

"Kọ ọ́ kó dùn," ó ní. "Òkú la fẹ́ sin, a ò fẹ́ ro ẹjọ́."

Ohun tó ń sọ yé mi. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí bàbá mi jáde nílé láàárọ̀, tó ní òun ń lọ sí oko kòkó wa ní Atosin. Kò padà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan la gbọ́ pé ó wà ní Kútọnu lọ́dọ̀ obìnrin mìíràn. Ọdún mọ́kànlá ló lò. Ìyá mi ló ń roko, òun ló ń sá kòkó, òun náà ló ń dá àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóhùn.

Mo ti fẹ́ jáde ìwé mẹ́wàá nígbà tí bàbá mi dé, tòun ti báàgì kan ṣoṣo. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi níta gbangba, lójú gbogbo àdúgbò. Ìyá mi dìde, ó wọlé lọ. Ó bu omi fún un mu. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àìsàn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyá mi, apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Bàbá mi ló ń wẹ̀ fún un, òun ló ń wọ aṣọ funfun sí i lọ́rùn, tó ń gbé e pọ̀n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ṣe é, títí ikú fi mú òun fúnra rẹ̀ lọ.

Mo jókòó ti ìwé. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ pé ó fi ilé sílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, mo sì fi àmì ìdánudúró sí i. Ó dà bíi pé mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn níta, pé kò padà wá mọ́. Mo pa á rẹ́, mo kọ ọ́ pé ó fi ilé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà wá. Ìyẹn náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí èèyàn bá ti pe "ṣùgbọ́n", ohun tó bá sọ tẹ̀ lé e ló fẹ́ ká dì mú, èyí tó ti sọ tẹ́lẹ̀ ti fúyẹ́ nìyẹn. Ìyà ìyá mi ò sì fúyẹ́. Mo yí i padà, mo fi ìtọ́jú ṣáájú, mo fi àlọ rẹ̀ kẹ́yìn. Gbogbo oore ọdún mẹ́rìnlá sì di òfo.

Àìmọye ìgbà ni mo ti kọ sẹmikólọ̀n sójú bọ́ọ̀dù: àmì ìdánudúró lókè, kọ́mà nísàlẹ̀, ó máa ń wà láàárín gbólóhùn méjì tó lè dá dúró, àmọ́ tí wọ́n jẹ́ ìbátan. Mi ò rò ó rí pé mo máa nílò rẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ó fi ilé sílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá; ó padà wá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ìyá wa fún ọdún mẹ́rìnlá."

Mo kà á fún ìyá mi.

"Tún ibẹ̀ yẹn kà," ó ní. Mo tún un kà. "O dúró díẹ̀ níbẹ̀."

"Àmì kan ló wà níbẹ̀, Màámi. Ó ní ká dúró, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tíì tán."

Ó ní, "Má yọ ọdún mọ́kànlá yẹn. Èmi ni mo rù ú. Má sì yọ àbọ̀ rẹ̀."

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, tó rí i, inú rẹ̀ ò dùn. "Màámi, kí làwọn èèyàn máa sọ?"

"Ohun tí wọ́n ti ń sọ bọ̀ náà ni."

Ọmọbìnrin tó ń bá wa tẹ ìwé, nítòsí ibi tí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ti bẹ̀rẹ̀, ti sọ àmì náà di ìdánudúró. "Ẹ má bínú, Anti, mo rò pé ọwọ́ yín ló ṣì í ni," ó ní. "Ṣé ẹnikẹ́ni máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀?"

"Ẹni tó máa kà á sókè máa mọ̀."

Ó dá a padà bó ṣe wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó dé ibẹ̀, ó dúró, ó sì pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi rò pé ìlà ti dà rú mọ́ ọn lójú. Ó mí kanlẹ̀, ó ka ìyókù.

"Mo fẹ́ fò ó," ó sọ fún mi nígbà tá a délé. "Mi ò lè fò ó."

Èmi ò tíì lè sọ pé mo ti dárí ji bàbá mi tán. Gbólóhùn yẹn ò sì sọ ọ́ di dandan fún mi.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi gbé àga sún mọ́ ìyá wa. Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń gbé ló wà ní púpọ̀ nínú ọdún mọ́kànlá tí bàbá wa ò fi sí nílé, kò sì béèrè rí. Ó ní, "Màámi, báwo lẹ ṣe ṣe é?" Ìyá mi tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní.