Súìsì Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọdún ni a ti wà láìsí iná mànàmáná ní àdúgbò wa l'Ókìtìpupa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná ṣàdédé dé. Gbogbo ojú pópó hó yèè. Ibi tí mo ti ń jó lọ́wọ́ ni nǹkan ti dún gbàù nínú balùwẹ̀ wa.

Mo sáré wọlé. Hítà àtijọ́ tó ń bá wa mú omi ìwẹ̀ gbóná ti bẹ́, èéfín bo ògiri. Kò sí omi kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹnì kan ti tan súìsì rẹ̀. Mo pa á, mo wá jágbe mọ́ gbogbo ilé:

"Ta ló tan hítà yìí? Ṣé ẹ fẹ́ sun wá mọ́lé ni?"

Ìyá mi ló dáhùn:

"Bàbá yín ni. Àárọ̀ ọjọ́ tí iná lọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ wẹ̀."

Iná ò tíì padà dé tí bàbá mi fi kú; a ti sin wọ́n tipẹ́.

Nígbà tí oníná wá gbé hítà tuntun kọ́, ó ní òun máa yọ súìsì náà pẹ̀lú. Kí n tó mọ̀, mo ti pariwo mọ́ ọn:

"Má fọwọ́ kàn án!"