Agolo Ekùrọ́ Lábẹ́ Igi Arère

Mò ń mu tíì láàárọ̀ Ẹtì tó kọjá nígbà tí mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi láti inú igbó tó wà lẹ́yìn ìlú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè pè é ní ariwo lásán. Ní tèmi, àyà mi já. Mo gbé ife sílẹ̀, mo wọ bàtà òjò mi. Igi kan ṣoṣo ni mò ń rò.

Igi arère ni, nínú oko kòkó bàbá Fọlá, ọ̀rẹ́ mi ìgbà èwe. Ihò kan wà lára rẹ̀, níbi tí àkàbà gígùn lè dé, inú rẹ̀ sì ni àwọn àtíòro máa ń yé sí. Bí ẹ kò bá mọ àtíòro, ẹyẹ dúdú tí ikùn rẹ̀ funfun ni, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ bíi dòjé. Bí abo bá fẹ́ yé ẹyin, á wọ inú ihò, wọn á fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà, wọn á wá ṣẹ́ ojú tóóró kù tí akọ á máa gbà fún un lóúnjẹ.

Bàbá Fọlá ló kọ́ wa láti máa ṣọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó rán an, kò sì sẹ́ni tó ń san ohunkóhun fún un. Ó kàn fẹ́ràn wọn ni. Ó fún wa ní agolo mílíìkì òfìfo àti ekùrọ́. Ìgbàkigbà tí akọ bá gbé oúnjẹ dé, ká ju ekùrọ́ kan sínú agolo. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á kà á, á sì fi ṣóòkì kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn abà, àwa náà á máa yan bí akọ̀wé.

Lọ́jọ́ kan, àánú abo ṣe wá. Fọlá tẹjú mọ́ ihò, ó ní, "Ọkọ rẹ̀ ti tì í mọ́ ulé," bí a ṣe ń pe ilé nílùú wa. Lójú tèmi, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Mo di àkàbà mú, Fọlá gùn ún pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó gbẹ́ ẹrẹ̀ náà dànù. Ẹyẹ náà já bọ́ sílẹ̀. A kò mọ̀ pé ìyẹ́ apá wọn máa ń re tí wọ́n bá wọlé bẹ́ẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti kú mọ́ wa lọ́wọ́. Akọ dé pẹ̀lú èso lẹ́nu, ó bà sẹ́nu ihò, ó yọjú wọnú, ó fò lọ, ó tún padà. Ojú ń tì mí títí di òní.

Bàbá kò nà wá. Ìbá sàn kó nà wá. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́, ẹ̀yin náà lẹ ó máa ṣọ́ ọ." Ọdún kan kọjá, ìkejì kọjá, agolo ṣófo, ẹ̀fọn sì ń jẹ wá lábẹ́ igi yẹn ní gbogbo ìgbà tí iléèwé bá ti gba ìsinmi. Lọ́dún kẹta, àtíòro méjì mìíràn kó ẹrẹ̀ wá. Nígbà tí ekùrọ́ àkọ́kọ́ dún nínú agolo, Fọlá bú sẹ́kún.

Fọlá ti di olóògbé. Ohun tó bi mí kẹ́yìn nípa àwọn àtíòro lórí fóònù ni, "Ṣé wọ́n ti mọ ulé wọn?" Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, tí mo padà wálé, mo wá àwọn mẹ́rin kún ara mi. Gbogbo àárọ̀ Sátidé là ń wọ igbó, à ń kọ ẹyẹ àti ọ̀bọ tí a bá rí sílẹ̀. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Wọn kò tíì bá wa gun òkè inú igbó yẹn rí.

Nígbà tí mo dé oko lọ́jọ́ Ẹtì náà, wọ́n ti gé igi kan lulẹ̀, arère ló kàn. Jídé, àbúrò Fọlá tó jogún oko, dúró ti àwọn agégẹdú. Ó kí mi, ó wá ní, "Àǹtí, pákó ni mo fẹ́ fi kan òrùlé kí òjò tó dé. Ihò yẹn ti ṣófo tipẹ́."

Mo ní kó fún mi ní àárọ̀ kan péré. Mo jókòó sórí gbòǹgbò, mo yọ agolo àti ekùrọ́ nínú àpò mi. Òun náà jókòó, torí kò lè fi èmi àgbàlagbà nìkan sílẹ̀ nínú igbó. Wákàtí kan kọjá. Àwọn agégẹdú ti ń kùn. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mo ti pinnu pé àfi kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀.

Àtíòro dé. Ó na ẹnu sí ihò, ẹnu mìíràn sì yọ látinú ẹrẹ̀, ó gba èso. Mo na ekùrọ́ kan sí Jídé, ó jù ú sínú agolo. Nígbà tí ẹyẹ náà dé lẹ́ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló mú ekùrọ́. Ó ní kí àwọn agégẹdú máa lọ. Mo ní a ó jọ wá pákó níbòmíràn.

Abà ti wó báyìí, wọ́n ti fi ilẹ̀kùn tí Bàbá ń kọ nǹkan sí dáná. Fóònù ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fi ń ka ẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kan náà ni àtíòro ṣì ń pò, agolo mi sì ṣì ń dún.

Mo fi agolo náà sílẹ̀ fún Jídé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó pè mí. Ó ní òun ò tíì kúrò lábẹ́ igi.

"Àǹtí, mọ́kànlá ni mo kà. Wọ́n ti mọ ulé wọn."