Ọwọ́ Tíṣà Tuntun

Inú mi máa ń dùn tí oṣù kẹsàn-án bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan, Àlàájà tó ta aṣọ ní ọjà Kútọ̀ títí tó fi kọ́ ilé ìwé tirẹ̀, kò jẹ́ kí n sinmi. Ọdọọdún ló ń pè mí pé kí n wá bá òun yan tíṣà, kí n sì kọ́ wọn níṣẹ́ kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ẹnu mi mú, Àlàájà mọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí.

Ohun kan wà tí Àlàájà kì í gba gbẹ̀rẹ́ lé lórí: ìkọ̀wé. Ìwé ẹ̀rí yòówù kí o kó wá, wàá kọ̀wé sójú bọ́ọ̀dù. Tí ìkọ̀wé rẹ ò bá gún régé, ilé yá.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá láti Ọdẹdá. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè wa bí ẹni mumi. Ó sọ fún wa láìfi bò pé ilé ìwé mẹ́ta ni òun ti dé lọ́sẹ̀ yẹn, wọn ò gba òun, àti pé bàbá òun wà lórí àìsàn, òun nìkan ni wọ́n ń wò lójú nílé. Àánú rẹ̀ ṣe mí.

Àfi ìgbà tó mú ṣọ́ọ̀kì. Yéè! Lẹ́tà ń wọ́, ìlà ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bíi ti ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Òógùn bo ojú rẹ̀. Àlàájà ti ń kó ìwé ẹ̀rí ọmọ náà jọ láti dá a padà fún un. Inú bí mi.

Mo ní, "Ìwọ tíṣà, ṣé báyìí lo ṣe ń kọ̀wé fún àwọn ọmọ tó o ti kọ́ rí?"

Ó kúnlẹ̀. "Rárá mà. Òsì ni mo fi ń kọ̀wé."

"Kí ló wá dé tó o fi ọ̀tún kọ ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ jókòó síbẹ̀ mà."

Mo wò ó dáadáa. Háà! Ọmọ kíláàsì kejì tí mo kọ́ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní Ọdẹdá ni. Ọmọ tínńrín tí mo máa ń fi rúlà nà lẹ́yìn ọwọ́ òsì, pé kò mọ ọwọ́ tí ọmọlúàbí fi ń ṣe nǹkan. Mo rò pé mò ń tún un ṣe ni. Ojú tì mí débi pé n kò mọ ibi tí n óò wò.

Mo ní, "Dìde. Fi òsì kọ ọ́."

Àlàájà fò dìde. "Òsì kẹ̀! Kí àwọn òbí ọmọ wá rí i? A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni o!"

"Àlàájà, jókòó jàre. Ilé baba ta ló ń júwe? Ìwé ló ń kọ."

Ọmọ náà fi òsì mú ṣọ́ọ̀kì. Ìwé náà tò, ó rí róbótó róbótó, ó dùn-ún wò. Àlàájà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Ó ga o. Ìgbà wo lo fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

Nígbà tí mo ń kọ́ àwọn tíṣà tuntun lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé ẹni tó bá na ọmọ nítorí ọwọ́ òsì, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni. Mo sì jẹ́wọ́ tèmi lójú gbogbo wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ara mi fúyẹ́.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, Àlàájà gbé ìwé ìgbanisíṣẹ́ síwájú wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tó kan ọmọ Ọdẹdá yìí, ó mú bírò, kò kọ nǹkan kan. Ojú mi ló ń wò. Obìnrin tó ti tó bímọ, ó ṣì ń tọrọ àyè lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Òsì ni o, ọmọ mi. Dákun."