Àga Tó Kẹ̀yìn sí Ìtàgé

Olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní eré orí ìtàgé ní Ọ̀fà kì í wo eré. Ńṣe ni wọ́n máa ń yí àga wọn padà, tí wọ́n á máa wo ojú àwa òǹwòran. Ó máa ń bí mi nínú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n jókòó lọ́jọ́ tí wọ́n fi fídíò eré tuntun kan láti ilẹ̀ Slofẹ́níà hàn wá. Lẹ́yìn eré, mo sọ fún wọn pé àwọn lámèyítọ́ ibẹ̀ kọ ọ́ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó parí eré náà ti gùn jù.

Wọ́n ní, "Alhaja tó ni gbọ̀ngàn yìí sunkún níbẹ̀. Lámèyítọ́ wo ló jókòó tì wọ́n?"

Lọ́dún tó kọjá, a ṣe eré tí èmi fúnra mi kọ. Olùkọ́ wa tún kẹ̀yìn sí wa. Nígbà tí ìyá inú eré náà dákẹ́, mo gbọ́ tí àga kan ń ha sìmẹ́ńtì. Mo yọjú láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Wọ́n ti kọjú sí ìtàgé.

Títí dòní, wọn ò sọ bóyá eré náà dára. Èmi náà ò bi wọ́n.